Ẹ ka owó wa, ẹ ò ka àwa: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn tó ń kó èrò Èkó lọ wo omi orí àpáta

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ọ̀nà. N ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ kankan nínú lẹ́tà yìí. Ẹni tí mo ń bá wí nínú yín á mọ ara rẹ̀. Ẹ̀yin tó kù náà, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ kan náà lẹ jọ ń ṣe, yálà Yaba lẹ ti ń gbéra tàbí Ìkẹjà, tàbí Lẹ́kí níbi tí wọ́n ti ń pe ìrìn tó bá ti kọjá ẹnu géètì ní háíkì.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ máa kọ orúkọ wa sílẹ̀ kí a tó gun òkè, kí ẹ sì máa kà wá nígbà tí a bá sọ̀ kalẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi mọ síbẹ̀, ẹ ó ní "a ti gbọ́", a ó sì tún pàdé nínú bọ́ọ̀sì bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹ fún mi láyè kí n rò ó.

Sátidé kan nínú oṣù Kẹwàá ni mo bá ọ̀kan nínú yín lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Aago márùn-ún ìdájí lẹ kọ sínú ìkéde. Aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo dé ìdí ọkọ̀ nítòsí Ojúẹlẹ́gba, tí mò ń sáré bí ẹni tí àgbákò ń lé. Mi ò mọ̀ pé awakọ̀ ò tíì jí. Aago mẹ́jọ ku díẹ̀ kí bọ́ọ̀sì méjèèjì tó ṣí, ìgbà tí a sì fi máa dé Kara, màálù ti jí, àwọn tó ń ta gálà ti jí, gbogbo mọ́tò tó wà ní Èkó ti tò síwájú wa. Ìyẹn ò dùn mí. Èkó la wà, ẹni tó bá fẹ́ kánjú kó má gba Berger.

Ìyá kan ló jókòó tì mí. Léèsì ló ń tà ní Balógun, mo sì fojú bù ú pé yóò ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló sanwó ìrìn náà fún un láti fi yẹ́ ẹ sí lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti kúrò ní Ìjẹ̀bú wá sí Èkó, òun ò tíì rìnrìn àjò kan tí kì í ṣe ìnáwó tàbí ìsìnkú, pé ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí òun ó wọ mọ́tò lọ síbi tí wọn ò ti ní dá aṣọ. Ó gbé báàgì kan sórí itan, gààrí Ìjẹ̀bú àti kúlíkúlí ló kún inú rẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, bù níbẹ̀." Mo bù ú. Kí a tó dé Ìbàdàn ó ti mọ orúkọ ìyá mi, ó ti mọ iye tí mò ń san lówó ilé, ó sì ti sọ fún mi pé lánlọ́ọ̀dù mi ń rẹ́ mi jẹ.

Ẹni tó bá ti dé Olúmirìn, omi orí àpáta Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, rí mọ̀ pé ìpele àkọ́kọ́ kì í ṣe wàhálà. Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀, omi ń já láti orí àpáta, funfun báláú, bíi láfún tí wọ́n ń kù nínú ajọ̀, ìrì rẹ̀ á sì ti bà ọ́ lójú kí o tó dé ìdí rẹ̀. Ìyá náà dúró, ó la ẹnu, kò lè pa á dé. Ó bọ́ gèlè, ó jẹ́ kí omi máa fọ́n sí i lórí. Ẹnì kan ń tẹ orin nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lẹ́yìn wa, kò tilẹ̀ gbọ́ ọ. Ìpele méje ni omi náà. Ìtàn ìlú sọ pé Akínlà, obìnrin kan láti ìdílé Odùduwà, ló tẹ Ẹ̀rìn dó, ọdún 1140 sì ni wọ́n ń dá fún ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí omi ọ̀hún. Ó ti pẹ́ tó ti ń rí àlejò tó ń bọ̀ àti àlejò tó ń lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ omi kọ́ ni láti kà wọ́n.

Láti ìpele kejì lọ ni ọwọ́ ti ń di ẹsẹ̀. Gbòǹgbò igi lẹ ó dì mú, ara àpáta á sì máa yọ̀ bí ẹni pé wọ́n da ilá sí i. Bàtà pẹlẹbẹ tí ìyá yìí fi ń lọ sí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀ wá. Ta ló sọ fún un pé kó wọ èyí tó ní eyín nísàlẹ̀? Àwòrán tí ẹ fi polówó, ọmọge kan ló dúró níbẹ̀ pẹ̀lú sálúbàtà tó ń dán, irun rẹ̀ ò tilẹ̀ tutù.

Nígbà tí a dé ìpele kẹta, ó jókòó sórí òkúta kan, ó ń fọwọ́ ra orúnkún. Ó ní, "Ẹ máa lọ, ẹ̀yin ọmọdé. Ẹ ó bá mi níbí. Èmi àti omi yìí ní ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ sọ." Ẹni tó ń ṣáájú wa nínú yín dá a lóhùn pé kò burú, Mọ́mì, kí wọ́n máa gbádùn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀. Ó gbọ́ ohun tí ìyá sọ. Ó fèsì. Kò kọ ọ́ síbì kankan, kò sì sọ fún ẹlòmíì. Inú orí rẹ̀ nìkan ni ìyá náà wà láti ìgbà yẹn lọ, orí ọ̀hún náà sì ní ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń gbé lọ́jọ́ náà.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìpele karùn-ún ni òjò ṣú. Kò kọ́kọ́ rọ̀ sórí wa o, orí òkè lọ́hùn-ún ló ti ń rọ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ tí mo wá mọ̀ níbẹ̀ ni pé lórí irú àpáta yẹn, kì í ṣe ojú ọ̀run tó wà lókè orí ẹni lèèyàn ń wò, àwọ̀ omi ni. Omi tó ti mọ́ gaara láti ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ìró rẹ̀ yí padà, ó wúwo sí i. Òkúta tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti jókòó lé ya fọ́tò níṣẹ̀ẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, a ò rí i mọ́, omi ti bò ó. Ẹnì kan pariwo pé ká sọ̀ kalẹ̀. Kálukú gba ibi tó rí, ọ̀pọ̀ wa gba ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tó wọ inú igbó, torí ojú àpáta ò ṣeé tẹ̀ mọ́. A ò gba ìdí òkúta ìyá padà.

A dé ìdí bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ẹrẹ̀, gbogbo ara ń gbọ̀n, èyí tó bá ṣí ilẹ̀kùn kálukú ń wọ ọ́. Báàgì gààrí wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rí i. Mo sọ nínú ara mi pé ìyá ti bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́. Àwọn ará bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, bí a ṣe wá gbọ́ lẹ́yìn náà, ní ọ̀dọ̀ wa ló wà. Báyìí ni ìyá kan ṣe wà nínú bọ́ọ̀sì méjì lẹ́ẹ̀kan náà tí kò sì sí nínú ìkankan.

Mi ò ní da gbogbo ẹ̀bi rẹ̀ lé yín lórí. Gààrí ẹni tí mo jẹ láàárọ̀ ni, ó sì yẹ kí n dìde béèrè rẹ̀. Oorun ló gbé mi lọ.

A ti kọjá Iléṣà, a ti ń sún mọ́ Ifẹ̀, ni fóònù kan dún. Inú báàgì náà ló ti ń dún. Mo jẹ́ kó dún tán. Ó tún dún. Mo gbé e. Ohùn ọmọdébìnrin kan ní, "Mọ́mì, ẹ ti dé ibo báyìí?"

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú mi ṣì ń rú. Mi ò mọ irọ́ tí mo pa fún ọmọ yẹn. Mo kàn mọ̀ pé mo pariwo, bọ́ọ̀sì dúró, àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń bú ara wọn, awakọ̀ sì ní òun ò ní yí orí ọkọ̀ padà àfi tí a bá dá owó epo. A dá a.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá nígbà tí a padà dé. Ní ìkòríta, níbi tí ọ̀nà omi ti já sí títì tó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, ni a ti rí i. Bàbá kan tó ń ṣọ́ ibi omi ló fi tọ́ọ̀ṣì lọ mú un sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkúta nígbà tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Obìnrin kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì ló yọ ìró tirẹ̀ fi bò ó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyá wọ bàtà, ti òsì ò wọ nǹkan kan, omi ti gbé e lọ. Ó jókòó ti iná èédú, ó kọjú sí títì. Kò ṣépè, kò sunkún. Ó wo bọ́ọ̀sì wa títí a fi dúró, ó ní, "Mọ́kàndínlógójì ló ti kọjá. Tiyín ló jẹ́ kó pé ogójì."

Gbogbo àkókò tó fi wà níbẹ̀, mọ́tò ló ń kà.

Lọ́jọ́ Ajé mo pe ọ̀gá tó kó wa lọ. Mi ò fìjà pè é. Mo kí i, mo ní ẹ kú ewu, mo wá ní kí wọ́n jọ̀ọ́ máa kọ orúkọ èrò, kí wọ́n máa kà wọ́n. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi kọ lẹ́tà yìí, kì í ṣe ìyá tí ẹ gbàgbé gan-an. Ẹni tó bá gbàgbé lè rántí lọ́la. Ẹni tó ti rí òwe fi bo ìgbàgbé rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di dandan kó tún gbàgbé. Òwe yẹn kò sì bá yín wí rárá. Àjèjì tó ń fi ojú ìlara ka ọmọ nílé onílé, òun ni wọ́n pa á fún. Ẹni tí wọ́n fa ọmọ lé lọ́wọ́ kò sí nínú rẹ̀. Ṣé ìyá tó ń sin adìẹ kì í kà wọ́n nírọ̀lẹ́ kó tó ti ilẹ̀kùn àgò? Tó bá ku ọ̀kan, ṣé kì í lọ yọjú sí ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò?

Ní Èkó wa níbí, kí la ò ń kà? Alájọ ọjà Balógun ní káàdì, ó ń fa igi kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Kọ́ńdọ́ danfó tí kò wọ ilé ìwé rí ń fi ojú kà wá ní mẹ́rin-mẹ́rin, tí orí kan bá dín, kò ní jẹ́ kí awakọ̀ lọ. Ní gárééjì Jíbówú, ẹ ò lè wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sọ́nà jíjìn kí wọ́n má fún yín ní mánífẹ́ẹ̀sì kọ: orúkọ, nọ́ńbà, àti ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣe. A máa ń kọ ọ́ tìkanratìkanra, àwọn mìíràn á kọ orúkọ tí kì í ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n a ń kọ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n kà. Owó wa, ẹ kà á. Ẹnì kan wà nínú wa tí owó rẹ̀ dín ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ pè é lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ ọgbọ́n kíkọ orúkọ sínú ìwé yìí. Lọ́dún tó ṣáájú, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Johannesburg mú mi lọ wo Tugela, omi kan tó ń já láti orí àpáta, ní òkè Drakensberg ní South Africa. Inú ọgbà igbó ìjọba tí wọ́n ń pè ní Royal Natal National Park ni omi náà ti ń já, ìgbésẹ̀ márùn-ún ló sì fi ń já, mítà 948 lápapọ̀. Ẹni tí kò bá mọ bí ìyẹn ti ga tó, kó dúró sí Marina, kó gbójú sókè wo ilé NECOM, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní NITEL. Mítà 160 ni ilé yẹn. Ẹ to mẹ́fà irú rẹ̀ léra wọn, kí ẹ gé díẹ̀ kúrò lórí èyí tó wà lókè pátápátá, ibẹ̀ ni omi ti ń bọ̀. Angel Falls ní Venezuela nìkan, mítà 979, ni wọ́n ń kà ṣáájú rẹ̀ ní gbogbo ayé, àwọn kan ò tilẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n ní Tugela ló ga jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jiyàn lọ.

A fi mọ́tò gba Phuthaditjhaba gun òkè títí dé ibi tí wọ́n ń páàkì sí lábẹ́ àpáta Sentinel. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lálọ-lábọ̀ tó kìlómítà 12, bí ẹni fẹsẹ̀ rin Third Mainland láti Òwòròǹṣòkí dé Adéníji Adélé, àfi pé Third Mainland ò ní àkàbà. Èyí ní àkàbà: irin tí wọ́n so kọ́ sára àpáta pẹ̀lú ṣéènì, tó ń mì bí a ti ń gùn ún. Mi ò ní parọ́, mo pe orúkọ gbogbo baba ńlá mi lórí rẹ̀. Nígbà tí a dé òkè, ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu ju àkàbà lọ. Odò kékeré kan báyìí, tí mo lè fò kọjá, ń rọra rìn láàárín koríko bí omi tó ń ṣàn jáde nínú balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ó dé etí àpáta. Kò sí mọ́. Ẹ ò gbọ́ ariwo rẹ̀, ẹ ò rí ibi tó já sí, ìkùukùu ló ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ wá pàdé yín. Ẹ̀gbọ́n mi di kọ́là ẹ̀wù mi mú lẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń yọjú.

Ṣùgbọ́n ìwé ni mò ń sọ. Kí a tó gbẹ́sẹ̀ kan níbi tí a páàkì sí, wọ́n ní ká kọ̀wé. Ìwé gbàǹgbà kan, bírò tí wọ́n fi okùn so mọ́ ọn bíi ti báǹkì. Orúkọ yín, iye tí ẹ jẹ́, nọ́ńbà fóònù, ọ̀nà tí ẹ ń gbà, aago tí ẹ lọ. Wọ́n fi ibì kan sílẹ̀ lófìfo: aago tí ẹ dé. Ẹ̀gbọ́n mi yìí, tí kì í tò sórí ìlà nígbà tó wà ní Mushin, ó tò, ó kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ tó mọ́. Nígbà tí a padà dé, òjò ọ̀sán ti ń sán ààrá, mo ti jókòó sínú mọ́tò, mo ti bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ mi ti wú. Ó ní, "O ti kọ̀wé pé o ti dé?" Mo ní ṣebí wọ́n rí wa ni. Ó ní, "Lọ kọ ọ́. Bí o ò bá kọ ọ́, orí òkè lo ṣì wà." Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi rìn lọ kọ ọ́.

Mi ò sọ èyí láti fi ilẹ̀ ẹlòmíì bú tiwa. Bàbá tó fi tọ́ọ̀ṣì gun òkè lọ mú ìyá náà ní Ẹ̀rìn, mi ò rí irú rẹ̀ ní Tugela. Ìwé àti okùn bírò nìkan ni mo ní ká mú. Kò wọ́n. Ẹ ò ní láti gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kankan kí ẹ tó ṣe é.

Bí mo bá jẹ́ yín, bí mo ṣe máa ṣe é rèé. Inú bọ́ọ̀sì, kí a tó kúrò ní Èkó, kí ìwé lọ láti ìjókòó dé ìjókòó: orúkọ, nọ́ńbà, ẹni tó wà nílé tí ẹ ó pè, àìsàn tó bá wà lára èèyàn. Ẹni tó bá ní orúnkún ń dun òun, kí ẹ ti mọ̀ láti Berger, kì í ṣe ní ìpele kẹta. Nígbà tí a bá ń gun òkè, kí ẹnì kan nínú yín máa rìn lẹ́yìn pátápátá, ẹni tí kò ní kọjá ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá jókòó sílẹ̀ lọ́nà, kí ẹnì kan jókòó tì í, kí ẹ kọ ibi tí wọ́n wà. Nígbà tí a bá dé bọ́ọ̀sì, ẹ pe orúkọ, kí kálukú fẹnu ara rẹ̀ jẹ́ ẹ. Ẹ má ka báàgì. Báàgì ló kó bá wa.

Ọ̀rọ̀ àkókò àti ti bàtà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá kúrò ní Èkó laago mẹ́jọ á gun òkè nírọ̀lẹ́, ìrọ̀lẹ́ sì ni òjò oṣù Kẹwàá ń fẹ́.

Mo rí i pé omi orí àpáta Arinta ní Ìpólé-Ìlórò ló kàn fún yín lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti sanwó. Mo pe ìyá mi ti Balógun, mo rò pé á bú mi. Ó ní òun ti ra bàtà tó ní eyín, pé ọmọ òun ló yan àwọ̀ rẹ̀, òsàn ni, kí wọ́n lè rí òun lókèèrè. Ó wá bi mí léèrè bóyá wọ́n á kà wá. Mo ní mi ò mọ̀, pé mo ń kọ lẹ́tà sí wọn.

Mo ti ra ìwé náà ní Yaba, ìwé ẹlẹ́yìn líle, mo sì ti so bírò mọ́ ọn. Ẹ ó bá a lọ́wọ́ mi níwájú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Sátidé. Orúkọ ìyá ló wà lórí ìlà kìn-ín-ní, tèmi ló tẹ̀ lé e. Mo ti fi ibi aago tí a dé sílẹ̀ lófìfo.

Èmi ni tiyín,
Ẹni tó jókòó sójú fèrèsé nínú bọ́ọ̀sì kejì.